Àtúnṣe Ẹ̀rọ Omagwa Nílò Kàlẹ́ńdà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Òfurufú

Sí Ọ̀gá Àgbà àjọ NAMA tó ń bójú tó ojú òfurufú Nàìjíríà, àti sí àwọn ọ̀gá FAAN tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú, NiMet tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, àti NCAA tó ń fi òfin darí iṣẹ́ òfurufú.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Port Harcourt ni mo ń gbé. Àwa Yorùbá tó fi ìlú yìí ṣe ibùjókòó pọ̀, láti Diobu dé Trans Amadi, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Bonny. Nígbà tí òkú bá sùn nílé, tí ìgbéyàwó bá dé, tàbí tí ọ̀gá bá pè wá sí Èkó, pápákọ̀ òfurufú Omagwa ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní èdè wa, ní gbangba, kí ẹ̀yin kà á, kí àwọn tó ń wọ bàálù sì lè bá mi dá sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá tọrọ: kàlẹ́ńdà. Ẹ̀yin àjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa fi tún àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà ní Omagwa ṣe, láti January dé December. Ẹ fi òjò, ọyẹ́, iye bàálù àti iye òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ọjọ́ náà. Kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e síta kí gbogbo ayé rí i.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní NOTAM ń jáde, ìyẹn ìwé ìkìlọ̀ tó ń sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀rọ báyìí kò ní ṣiṣẹ́ láti ago báyìí dé ago báyìí. Òótọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ NOTAM ni láti sọ pé ẹ̀rọ wà ní pípa. Kì í béèrè bóyá ọjọ́ náà dára fún pípa ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n lọ síbi tó ń dun gbogbo ìlú yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù DC-9 ti ilé iṣẹ́ Sosoliso tó gbéra ní Àbújá já ní Omagwa lọ́sàn-án, nínú òjò àti ìjì. Ènìyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, 108 ló kú. Ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit College tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi Kérésì ni 60 nínú wọn. Ìrántí àwọn ọmọ náà ni wọ́n fi dá Jesuit Memorial College sílẹ̀ ní Mbodo-Aluu, níhìn-ín ní Port Harcourt.

Nígbà tí àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá òfurufú gbé àbọ̀ ìwádìí jáde, ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ ni ẹ̀bi àkọ́kọ́ lọ: wọ́n dé ibi gíga tó yẹ kí wọ́n ti pinnu, wọn kò rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwé náà kò parí síbẹ̀. Ó ka ìjì mọ́ ọn. Ó ka gọ́tà oníkọnkéré tó là sílẹ̀, tí bàálù náà lọ forí sọ, mọ́ ọn. Ó tún ní iná ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kò sí ní títàn, èyí sì lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀nà. Kì í ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ ló fa ìjàǹbá yẹn, n kò sì ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ní Omagwa, ojú ọjọ́ tó bàjẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ lè pàdé láàárín ìṣẹ́jú kan. Òjò kò sí lábẹ́ àṣẹ yín. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ máa wà ní pípa ló wà lábẹ́ àṣẹ yín.

Nítorí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń wí. ILS ni ẹ̀rọ tó ń fi rédíò fa ìlà méjì sójú òfurufú fún awakọ̀. Ìlà kan ń wá láti ara àwọn áńtẹ́nà tó tò ní ìbú ní ìparí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Òun ló ń sọ fún awakọ̀ bóyá ó ti yà sósì tàbí sọ́tùn-ún. Ìlà kejì ń wá láti orí òpó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà náà, bí 300 mítà sí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń sọ bóyá bàálù ga jù tàbí ó ti lọ sílẹ̀ jù. Bí méjèèjì bá pé, awakọ̀ lè máa bọ̀ nínú ìkùukùu títí yóò fi ku bí 200 ẹsẹ̀ bàtà kó kanlẹ̀. Bí kò bá rí iná tàbí ọ̀nà níbẹ̀, kó gbéra padà. Bí ìlà kejì bá wà ní pípa, ibi tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ti gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí òòrùn ń ràn, èrò kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú láti Rumuokoro dé Igwuruta, àwọn ni wọ́n máa bá ara wọn ní Owerri, tàbí kí wọ́n padà sí Èkó tí wọ́n ti kúrò.

Koríko pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ tó wà níwájú òpó ìlà kejì yẹn jẹ́ ara ẹ̀rọ, nítorí ara ilẹ̀ ni rédíò rẹ̀ ti ń ta padà kó tó di ìlà tó gún. Bí koríko bá ga jù níbẹ̀, tàbí tí katakata tó ń gé e bá dúró gbagidi síwájú òpó nígbà tí bàálù ń bọ̀, ìlà náà lè wọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ. Ẹni tó bá gé koríko lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó tún ti dé orókún. Inú ọgbà tó wà lọ́wọ́ FAAN ni koríko ti ń hù, NAMA ló ni ẹ̀rọ. FAAN ló tún ni iná ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, NiMet ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Bí ìwé kan náà kò bá sí níwájú gbogbo wọn, NAMA lè pa ILS ní ọ̀sẹ̀ tí FAAN tú iná palẹ̀, tí NiMet sì ti kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Olúkúlùkù á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bó ṣe yẹ, èrò inú bàálù ló máa jìyà rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà yín, ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2020 ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ní Èkó. Wọ́n ti gbé ILS tuntun tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ 18R, ṣùgbọ́n bàálù tí wọ́n fi ń yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò kò tíì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ọyẹ́ ká wọn mọ́. British Airways àti àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè mìíràn gbé èrò Èkó lọ sí Accra. Àwọn tó ń fò nínú ilé fagi lé ìrìn àjò. Mínísítà ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, Hadi Sirika, ní láti bẹ àwọn aráàlú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n má pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ti gbó. Ẹ̀sùn wa ni oṣù tí wọ́n fi ṣe é. Ọyẹ́ kì í kọ̀wé kó tó dé, ṣùgbọ́n kì í ṣi oṣù rẹ̀ mọ̀.

Àwọn kan á ní: kí ni ìṣòro níbẹ̀, ẹ ṣáà máa ṣe é lóru tí bàálù kò pọ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni, àmọ́ kò tó. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2002, àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Skyguide ní Zurich, ní Switzerland, ń ṣiṣẹ́ lórí rédà wọn, nítorí pé alẹ́ ni ọwọ́ máa ń dilẹ̀. Iṣẹ́ náà pa ìkìlọ̀ tó yẹ kó hàn lójú rédà nígbà tí bàálù méjì bá ń sún mọ́ra jù. Ó tún pa tẹlifóònù tí wọ́n fi ń bá ìlú mìíràn sọ̀rọ̀. Adarí bàálù kan ṣoṣo ló wà nídìí iṣẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín tábìlì méjì; ẹnì kejì rẹ̀ ti lọ sinmi. Àwọn adarí ní Karlsruhe, ní Jámánì, rí i pé bàálù méjì fẹ́ kọlu ara wọn. Wọ́n pè é títí, ìlà kò wọlé. Báyìí ni Tupolev tó kó àwọn ọmọ Rọ́ṣíà lọ fún ìsinmi ní Sípéènì, àti bàálù ẹrù DHL, ṣe pàdé lókè ìlú Überlingen. Ènìyàn 71 ló kú, ọmọdé ni 52 nínú wọn. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Lóru ọjọ́ náà, bàálù tó wà lọ́run kò tó nǹkan, síbẹ̀ méjì kanra. Iye bàálù nìkan kọ́ ló yẹ ká kà nígbà tí a bá fẹ́ pa ẹ̀rọ. Ó yẹ ká ka ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ká sì ka ohun tó kù tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìkìlọ̀ nìkan náà kì í tó. Ní erékùṣù Guam lọ́dún 1997, ìlà tó ń sọ gíga bàálù wà ní pípa láti ọjọ́ 7 oṣù Keje, fún iṣẹ́ tó máa gbà ju oṣù méjì lọ. Àsìkò òjò ni níbẹ̀. NOTAM ti jáde, àwọn awakọ̀ Korean Air 801 sì mọ̀. Lóru ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Boeing 747 wọn wọ inú òjò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn bóyá ìlà náà ń ṣiṣẹ́. Ara òkè Nimitz ni wọ́n bá a dé. Nínú ènìyàn 254, 228 ló kú. Àwọn olùwádìí dá balógun bàálù náà lẹ́bi, wọn kò sì ṣì í dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ́jú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé awakọ̀ tó ti rẹ̀, tó wà nínú òjò lóru, lè gbàgbé ohun tó kà lọ́sàn-án.

Àtúnṣe tó ti parí pàápàá ní ewu tirẹ̀ bí wọn kò bá fà á lé ara wọn lọ́wọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2000, Boeing 767 ti Air New Zealand ń bọ̀ wá balẹ̀ lóru ní Apia, ní Samoa. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n ti fi ìlà gíga ILS sílẹ̀ ní ipò tí ẹ̀rọ kò ti lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́, kéébù tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí taawà sì ti já. Gbogbo aago inú bàálù ní ọ̀nà tọ́, kò sí àmì ìkìlọ̀ kankan, ojú òkun sì ni wọ́n ń sọ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ ló fura pé gíga àwọn àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó kò bá ara mu. Nígbà tí wọ́n fi gbéra padà, ó ku bí 400 ẹsẹ̀ bàtà. Gbogbo wọn yè.

Ó wá kan Omagwa wa. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ wo ọdún Port Harcourt bó ṣe rí. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, òjò ló ni ìlú. Nínú oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ Rivers, Bayelsa, Abia àti Imo ń wálé fún Kérésì, bàálù ń tẹ̀lé bàálù. Láti ìparí oṣù yẹn dé oṣù Kejì, ọyẹ́ lè bò wá, òun àti èéfín dúdú tí à ń fà símú ní ìlú yìí láti ọdún 2016. Kí ló kù? Ìparí oṣù Kejì dé ìdajì oṣù Kẹta, àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá. Àyè náà há. Nítorí pé ó há gan-an ló fi yẹ kó wà nínú ìwé kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí pààtì ẹ̀rọ tí ẹ rà lókèèrè ti dé sílẹ̀ dè é, dípò kó jẹ́ ọjọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá yọ̀ǹda ẹrù ni ẹ máa tú ẹ̀rọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí kàlẹ́ńdà náà ní nìyí:

Èkíní, kí iṣẹ́ ńlá àti iṣẹ́ kékeré yàtọ̀. Yíyẹ bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ wò, tàbí yíyí láti ẹ̀rọ kan sí ìkejì tó wà ní ìdúródè, lè wáyé lóṣooṣù lẹ́yìn tí bàálù tó kẹ́yìn bá ti lọ. Kí ó parí ní wákàtí kan, ó kéré tán, kí bàálù àárọ̀ àti hẹlikópítà àwọn òṣìṣẹ́ epo tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá kan áńtẹ́nà, tí bàálù ayẹ̀wò gbọ́dọ̀ fò lórí rẹ̀ kí ẹ tó lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ tí mo dárúkọ lókè yẹn ni kó wà.

Èkejì, NAMA ti ní bàálù ayẹ̀wò tirẹ̀ báyìí, a kò dúró de ti ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Kí ẹ má tú ẹ̀rọ kankan tí ẹ kò bá tíì kọ ọjọ́ tí bàálù náà máa dé Omagwa sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ohun méjì má kú pọ̀. Bí ILS bá wà ní pípa, kí VOR, ìyẹn ẹ̀rọ rédíò mìíràn tó ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà, àti iná ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ pé pérépéré. Bí FAAN bá ń tún iná ṣe, kí NAMA má fọwọ́ kan ILS.

Ẹ̀kẹrin, kí adarí tó wà nínú taawà ní àṣẹ láti sọ pé iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òjò Port Harcourt kì í tán pátápátá: ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2018 ni bàálù Dana rá kọjá òpin ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ níbí nínú òjò ńlá. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tó kú. Kàlẹ́ńdà kò lè mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ènìyàn tó wà lójú fèrèsé ló máa rí i. Kí ẹnikẹ́ni láti Àbújá má pe adarí náà pé kí ló dé tó dá iṣẹ́ dúró. Ní gbogbo alẹ́ tí iṣẹ́ bá sì wà, kí adarí má dá nìkan wà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnjiníà àti adarí jọ fọwọ́ sí ìwé kan náà lẹ́yìn iṣẹ́: ohun tí a tú, ohun tí a dá padà, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ago tó ṣe é. Láìsí ìwé yẹn, kí ẹnikẹ́ni má kéde pé ẹ̀rọ ti padà.

Ohun tó bá bàjẹ́ lójijì kò ní dúró de oṣù Kẹta, mo mọ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tí a lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti wà nínú ìwé, èyí tó bá yọ síni lójijì kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì ní àṣírí ni, kò yẹ kí aráàlú mọ̀, kó rántí pé gbangba ni NOTAM fúnra rẹ̀ wà. Àwa tó ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni kì í rí i kà.

A lè ṣe é, nítorí a ti ṣe ohun tó jù ú lọ. Nígbà tí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ Àbújá bàjẹ́, ìjọba kéde ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, wọ́n tún ti Kaduna ṣe sílẹ̀, wọ́n sì ti Àbújá pa ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017, nígbà tí òjò kò tíì dé. Aráàlú kùn, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè kan kọ̀ láti lọ sí Kaduna. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, bàálù Ethiopian Airlines balẹ̀ sí Àbújá. Ẹ fi ìyẹn wé Omagwa tí wọ́n tì pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, tí kò sì ṣí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2007, tí àwa ará Port Harcourt ń gba Owerri fò, tí à ń fi mọ́tò parí ìrìn àjò. Orílẹ̀-èdè kan náà ló ṣe méjèèjì. Ọ̀kan ní ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tí ojú á ti ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin èrò bíi tèmi, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí kàlẹ́ńdà yìí bá jáde, ìrìn àjò kan máa yí padà, àwọn bàálù alẹ́ kan kò ní fò. Ẹ má bínú sí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà, kò mọ ibi tí ILS wà. Ẹ wo ọjọ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ bí òkú tàbí ìyàwó bá wà níwájú. Bí kò bá sì jáde, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin yín, ẹ béèrè lórí rédíò, lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, n kò béèrè owó tuntun tàbí òfin tuntun lọ́wọ́ yín. Ìpàdé kan ni, ní Omagwa gan-an, kì í ṣe ní Àbújá: NAMA, FAAN, NiMet, NCAA, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù, àwọn tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo. Kí ẹ tó dìde, kí ọjọ́ iṣẹ́ ILS ọdún tó ń bọ̀ ti wà nínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi tí èrò ti ń dúró, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Píjíìnì. Bí oṣù Kẹta bá dé, àwa èrò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ẹ kọ lẹ ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọmọ Yorùbá kan tó ń wọ bàálù ní Omagwa,
Port Harcourt, Ìpínlẹ̀ Rivers.